Ènìyàn Tí Kò Ní Ìka

Àwọn baba wa a máa wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n kí ni kí ọba ṣe sí kọ́ńpìnnì, tí òfin sọ di ènìyàn, ènìyàn tí kò yan orí lọ́run, tí a kò bí, tí a kò sì lè sin?

Oníṣòwò bàtà ni Aron Salomon ní Whitechapel, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, tí òfin ìgbà náà sì ní ẹni méje kò gbọdọ̀ dín, ó fún aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún ní ìpín kọ̀ọ̀kan, òun nìkan mú 20,001, ó sì tún mú kí kọ́ńpìnnì náà jẹ òun ní gbèsè £10,000, tí ó fi dúkìá rẹ̀ ṣe ìdógò. Òwò náà dẹnu kọlẹ̀, àwọn tí ó tajà àwìn fún un sì pàdánù. Ní 1896, Ilé Àwọn Ọlọ́lá, tí í ṣe ilé ẹjọ́ tí ó ga jù nígbà náà, dájọ́ pé Salomon ọ̀tọ̀, kọ́ńpìnnì ọ̀tọ̀, gbèsè kọ́ńpìnnì kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kú eégún ni ọ̀rọ̀ náà jọ lójú mi: obìnrin ilé pàápàá mọ ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ó pè é lórúkọ.

Mo lè fara mọ́ èyí, nítorí owó ni. A máa lọ, a máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1987, ọkọ̀ ojú omi Herald of Free Enterprise ṣí kúrò ní Zeebrugge, ní Bẹ́ljíọ̀mù, láìti ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀. Ó dojú dé, ènìyàn 193 kú. Ẹni tí ìbá ti ilẹ̀kùn ti sùn lọ; ìwádìí sì fi hàn pé àìbìkítà ti ràn láti orí ọ̀gá dé orí òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pe kọ́ńpìnnì tí ó ni ọkọ̀ náà lẹ́jọ́ ìpànìyàn, ẹjọ́ náà fọ́, nítorí òfin Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀gá kan ṣoṣo tí ẹ̀bi rẹ̀ tó láti di ẹ̀bi kọ́ńpìnnì, kò sì rí i.

Àwọn ará Jámánì ní níbi tí ọkàn kò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ kò lè sí níbẹ̀. Títí di òní, owó ìtanràn ni wọ́n ń bù lé kọ́ńpìnnì, wọn kì í pè é ní ọ̀daràn. Òótọ́ inú wọn wù mí, ṣùgbọ́n kò lè tu ọmọ òkú nínú. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2007 fàyè gbà pé kí kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ jẹ̀bi ìpànìyàn bí ètò àwọn àgbà rẹ̀ bá bàjẹ́ kọjá ààlà. Àmọ́ kò gbà kí a fi òfin náà mú ẹnì kankan pé ó lọ́wọ́ sí i. Owó ìtanràn náà sì ni ìyà rẹ̀, àti pé adájọ́ lè pàṣẹ kí ó kéde ẹ̀bi ara rẹ̀ fún aráyé. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí bí kọ́ńpìnnì kò tilẹ̀ ní ojú tí ó lè tì, àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun ní.