Òògùn Tí Ń Yí Ọkàn Padà: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ fún Onígbàgbọ́?

Àwọn kan bi wá léèrè pé: òògùn tí ń mú ènìyàn rí ìran, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi wo ọkàn tí ó gbọgbẹ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré fún àwa ará Gomari. Láti ọdún 2009 tí rògbòdìyàn Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn mọ́. Àwọn kan ń fi tramadol wá oorun. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń mu zakami ní kọ̀rọ̀, orí wọn sì ń dàrú.

Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba Australia fún àwọn dókítà ọpọlọ tí wọ́n yàn ní àṣẹ láti fi psilocybin, èyí tí ó wà nínú irú olú kan, wo ìbànújẹ́ ọkàn tí òògùn mìíràn kò ràn. Àti MDMA fún ẹni tí ẹ̀rù ohun tí ó ti kọjá kò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe àkóso òògùn ní Amẹ́ríkà kọ MDMA: ẹ̀rí kò tíì tó, kí wọ́n tún ìwádìí ṣe. Òfin Nàìjíríà kò fi àyè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nínú ìwádìí wọ̀nyí, a kì í fún aláìsàn ní òògùn kí a sì fi í sílẹ̀. Wọn a yẹ ara rẹ̀ wò, wọn a jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀, wọn a sì bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè dojú kọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí ń mu zakami ń sá fún tirẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni a rò pé ẹ̀tọ́ àti àìtọ́ ti pínyà. Ọkàn a máa ṣàìsàn bí ara, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwò ó sàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó tì í? Ní wákàtí náà, aláìsàn dà bí ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Olè lè wọlé, ọ̀rẹ́ sì lè wọlé.

Èyí kì í ṣe ohun titun fún wa. Ní Arò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Òògùn wà, ènìyàn sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá òògùn ìran lọ sí ọjà. Kí a má sì ṣe fi ẹni tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Maiduguri ṣe ẹlẹ́yà, tàbí kí a pè é ní aláìnígbàgbọ́. Òògùn tí wọ́n ń wádìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n a kò nílò àṣẹ ìjọba kí a tó jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.