Ṣé Eyín Erin Ló ń Pe Ifá?

 

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tí a tẹ̀ ẹ́ nífá ló bi mí ní ìbéèrè kan ní Shasha níbí. Ẹnìkan tó ń ta ohun èlò Ifá ti sọ fún un pé ìrọ́kẹ́ onígi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lágbára, pé eyín erin gidi ni Ọ̀rúnmìlà ń dáhùn. Ọmọ náà ti fẹ́ lọ yáwó. Ó ní, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé Ifá ò gbọ́ ohùn tèmi?"

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìrọ́kẹ́ ni ọ̀pá kékeré tí babaláwo fi ń lu ojú ọpọ́n nígbà tó bá ń pe Ifá. Orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí obìnrin kan lára rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn àgbà ní àkúnlẹ̀yàn ló ń rán wa létí, ìyẹn orí tí olúkúlùkù kúnlẹ̀ yàn lọ́run kó tó wá sáyé. Bí wọ́n bá fi igi gbẹ́ ẹ, ìtumọ̀ yẹn wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi idẹ rọ ọ́, ó wà níbẹ̀ náà.

Kí ló wá dé tí àwọn baba wa fi lo eyín erin? Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n lò ó díẹ̀. Ọ̀wọ̀ gbajúmọ̀ gan-an fún gbígbẹ́ eyín erin láyé àtijọ́. Ní Bìní, ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gilére tí wọ́n ń pè ní Igbesanmwan ló ń gbẹ́ ẹ fún ààfin. Òfin Bìní sì ni pé bí ọdẹ bá pa erin, ọ̀kan nínú eyín méjèèjì jẹ́ ti Ọba. Nítorí náà, ẹni tó bá mú eyín erin dání, ọwọ́ rẹ̀ tó ààfin nìyẹn. Ẹ̀yẹ ni, ó ń sọ ipò ẹni tó ni ín. Àwọn babaláwo tó kù, tí wọn ò bá ọba jókòó, igi ni wọ́n ń lò. Bí igi ò bá lè pe Ifá, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ baba ńlá wa kàn ń lu ọpọ́n lásán ni. Ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo ìtàn tó wà nínú Ìwòrì Méjì. Àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà mẹ́jọ wá bá bàbá wọn ṣọdún. Méje kí i bó ṣe yẹ. Nígbà tó kan Olówò, ó nàró ṣanṣan. Ó ní aṣọ tí bàbá wọ̀, òun náà wọ̀ ọ́. Ọ̀pá tí bàbá mú dání, òun náà mú un dání. Bàbá dádé, òun náà dádé, nítorí náà òun ò ní foríbalẹ̀. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó padà sọ́run, ayé sì dàrú. Nígbà tí àwọn ọmọ tọ̀ ọ́ lọ pé kó jọ̀ọ́ kó padà, kò bá wọn wá. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, pé òun ni kí wọ́n máa bi.

Ohun tó fa ìjà ni ohun ẹ̀yẹ tí ọmọ fi bá bàbá rẹ̀ dọ́gba. Ohun tí bàbá fi rọ́pò ara rẹ̀ sì ni èso ọ̀pẹ, tí kò sí ẹ̀mí kankan tó kú kó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé láìsí eyín erin Ifá ò pé, Odù wo lẹ rí i?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí erin fúnra rẹ̀. Oṣù 22 ni erin ń gbé oyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Ní 2021, àjọ IUCN kéde pé erin inú igbó kìjikìji ti wà ní bèbè ìparun. Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé gbogbo erin wa ò tó 500 mọ́. Díẹ̀ nínú wọn wà ní Igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí kò jìnnà sí Èkó. Láti 1990 ni àdéhùn CITES ti fòfin de títa eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba run eyín erin tó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. À ń pa á lówe pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a ò bá ṣọ́ra, ọmọ tiwa ò ní rí i fìrí pàápàá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní òyìnbó ló kó eyín erin ilẹ̀ wa lọ ṣe dùùrù àti ọwọ́ ọ̀bẹ, òun náà ló wá ń kọ́ wa ní ìwà. Òótọ́ ni. Ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Bìní lẹ́rù. Ojú Ìyá Ọba Idia tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ wà ní British Museum títí dòní. Nígbà FESTAC 1977, òun ni a fi ṣe àmì àjọ̀dún, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó wá sílé. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ẹrù wa, kí ohùn wa má rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí òyìnbó jẹ wá, ṣé erin inú Igbó Ọmọ̀ ló yẹ kó san án?

Àwọn mìíràn á ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń pa ewúrẹ́ rúbọ." Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń pa á. Ewúrẹ́ tí a sìn ni, à ń jẹ ẹran rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹbọ ń tún ayé ṣe ni. Erin tí a pa kí n lè fi eyín rẹ̀ ṣe fáàrí níwájú àwọn awo ẹgbẹ́ mi, kò sí ibi tí ẹbọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Kò sẹ́ni tó ní ká pa ìwo àti egungun tì. Ní odò ẹran Oko-Ọba, ní Agége, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa màlúù. Ìwo wà níbẹ̀ fún oògùn àti fún fífun, egungun wà fún gbígbẹ́, ìrù wà fún ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹran tí a ti pa jẹ náà ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sì fi ìrọ́kẹ́ eyín erin sílẹ̀ fún, kó má jù ú nù, kó má sì tà á. Kó máa fi pe Ifá bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe, nítorí tí ògbólógbòó bá ń pa owó lọ́jà, wọ́n á tún pa erin wá tuntun.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn ni pé kó má yáwó kankan. Kó lọ mú ìrọ́kẹ́ igi rẹ̀, kó sì kọ́ ẹsẹ Ifá sí i. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá kún, Ọ̀rúnmìlà á gbọ́.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.