Ta Ni Ẹ̀bi Iṣẹ́ Tí Ikọ̀ Jẹ́ Kàn?

Nínú àwọn ìjọ Yorùbá tó wà káàkiri Thamesmead, Woolwich àti Plumstead ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ́pọ̀ kí oníwàásù pe àwọn ọmọ ìjọ ní ikọ̀ Kristi, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ṣe pe ara rẹ̀ nínú lẹ́tà kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Orúkọ tó wuyì ni, orí ẹni a sì máa wú tí wọ́n bá pe ni bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ìlú àjèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ orúkọ náà tí a kì í sábà tú wò. Ọ̀rọ̀ ẹni tó rán ikọ̀ ni ikọ̀ ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Bí ẹni tó rán an bá da májẹ̀mú tí ikọ̀ fúnra rẹ̀ bu ọwọ́ lù, ta ni ẹ̀bi kàn? Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé, “Wọ́n rán mi ni.” Èrò tèmi ni pé ìdáhùn yẹn kò lè gba ènìyàn sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run tàbí níwájú ẹ̀rí ọkàn, àyàfi ní ibì kan tí mo máa tọ́ka sí. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá gba òwe yẹn gbọ́ ti gbà pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹni tí a rán tí kì í ṣe ti ẹni tó rán an.

Woolwich fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó bá ìbéèrè yìí mu. Apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Thamesmead sí jẹ́ ilẹ̀ irà tí Royal Arsenal ń lò, ìyẹn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá àti ọta fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1968 ni àwọn olùgbé àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ Thamesmead. Ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìyẹn, ní January 1938, ni ọlọ́pàá mú Percy Glading, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ti ṣiṣẹ́ ní Arsenal rí, kí wọ́n tó lé e ní 1928 nítorí ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ń yọ́ ìwé àṣírí ohun ìjà jáde fún un kí wọ́n lè ya fọ́tò wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 6 ni ilé ẹjọ́ dá fún un ní oṣù March ọdún náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí Moscow rán wá láti darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Theodore Maly, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ti ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó gba ìgbàgbọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n pè é padà sílé ní 1937, wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1938. Ní gbogbo àkókò yẹn, aṣojú ìjọba Sófíẹ̀tì wà ní ilé rẹ̀ ní Kensington Palace Gardens, ó ń bá àwọn mínísítà jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ọ̀gá kan náà ló rán ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú ayé àti ẹni tó ń ṣe ti kọ̀rọ̀. Orúkọ aṣojú náà ni Ivan Maisky.

Ọdún 1884 ni wọ́n bí i. Ìjà tó ń bá ìjọba ọba Rọ́ṣíà jà ló lé e dé òkè òkun, ó sì gbé Lọ́ńdọ̀nù láti 1912 títí di 1917. Kì í ṣe ara àwọn Bolshevik tó gba ìjọba. Ẹgbẹ́ Menshevik tó ń takò wọ́n ló wà, ó tilẹ̀ ṣe mínísítà nínú ìjọba àwọn ọ̀tá wọn ní Samara ní 1918, kí ó tó lọ dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1921. Nígbà ayé Stalin, irú àná bẹ́ẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Síbẹ̀ wọ́n fi ṣe aṣojú ní Finland ní 1929, wọ́n sì gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1932, níbi tó wà títí di 1943. Aṣojú tó mọ ìlú yìí dénú bíi tirẹ̀ kò pọ̀: Churchill, Lloyd George, Eden, Bernard Shaw, kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú wọn. Ó ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, èyí tó léwu gan-an fún òṣìṣẹ́ Stalin. Gabriel Gorodetsky, onímọ̀ ìtàn tó tẹ ìwé náà jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2015, fi í wé àkọsílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé ìgbà mìíràn wà tí Maisky máa ń fi èrò ti ara rẹ̀ sí ẹnu mínísítà Gẹ̀ẹ́sì nínú ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Èrò tó bá ti ẹnu aṣojú jáde lè kó o sí wàhálà; èyí tó bá ti ẹnu mínísítà bíi Eden jáde, Stalin á gbé e yẹ̀ wò. Mo ka èyí sí ọgbọ́n ẹni tó ń wá àlàáfíà nínú ilé tí òtítọ́ ti di ewu. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ba àwáwí rẹ̀ jẹ́, torí ẹni tó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe kí ìrẹ́pọ̀ má bàa bàjẹ́ kò lè wá sọ pé ẹnu lásán ni òun nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ogun.

Finland ni ibi tí ọ̀ràn yìí ti hàn jù lọ. Ní 21 January 1932, ní Helsinki, Maisky bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn láàárín ìjọba Sófíẹ̀tì àti Finland pé ẹnì kan kò ní gbógun ti ẹnì kejì. Ní 1934 wọ́n fa ọjọ́ àdéhùn náà gùn títí di òpin 1945. Ní 30 November 1939 ni bọ́ǹbù Sófíẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí Helsinki kan náà. Kí oṣù December tó parí, Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-Èdè (League of Nations) ti lé ìjọba Sófíẹ̀tì jáde. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń gbèjà ogun náà ni ẹni tó bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà yẹn. Kò sí ẹni tó ní láti ka àdéhùn náà sí i létí. Òun ló jókòó síbẹ̀, tí òun àti àwọn ará Finland jọ wo ojú ara wọn. Lójú tèmi, ohun tó sọnù níbí ju ìwé kan lọ. Ìbúwọ́lùwé ikọ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn kan, tó ní orúkọ àti ìran, fi ara rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba kò ní ojú tí a lè wò. Ojú ikọ̀ la máa ń wò kí a tó gba ìjọba gbọ́. Ẹni tó yá ìjọba ní ojú rẹ̀ ti jẹ gbèsè fún àwọn tó wo ojú náà, gbèsè tí ọba kankan kò lè bá a san.

Mo sọ pé ibì kan wà tí àwáwí náà ti tẹ̀wọ̀n. Ọ̀ràn Poland ni. Ní 30 July 1941, lójú Churchill àti Eden, Maisky àti Ọ̀gágun Sikorski, olórí ìjọba Poland tó wà ní ìgbèkùn, bu ọwọ́ lu àdéhùn pé wọ́n á tú àwọn ará Poland tó wà lẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì sílẹ̀. Lásìkò yẹn, nǹkan bí 22,000 nínú wọn ti kú. Àṣẹ tí Stalin àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí ní March 1940 ni wọ́n fi yìnbọn pa wọ́n, ní Katyn àti níbòmíràn. Àwọn tó pàṣẹ mọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ikọ̀ wọn lọ ṣèlérí òmìnira fún òkú. Nínú irú èyí, bí ikọ̀ kò bá mọ̀, ìbúwọ́lùwé náà kò di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí ìmọ̀ ni ìyá ẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n fi ìmọ̀ pamọ́ fún, wọ́n ti jí i lò. Ọdún 1990 ni Moscow tó jẹ́wọ́.

Ẹnì kan á ní, “Ẹ̀rù ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Sokolnikov tó ṣe aṣojú ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú Maisky, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n pa á sí ní 1939. Rosengolts tó dúró fún ìjọba náà níbí nígbà tí àjọṣe dàrú ní 1927, wọ́n yìnbọn pa á ní March 1938, oṣù kan náà tí wọ́n dájọ́ Glading. Èmi tí mo ń kọ èyí láìsí ìbọn lórí mi kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹni tí irú ikú bẹ́ẹ̀ ń wò ní ojo. Ẹ̀rù ń dín ìyà tó tọ́ sí ènìyàn kù, adájọ́ tó bá jẹ́ olódodo á rò ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá pa ẹ̀bi rẹ́ pátápátá, a ó ti sọ pé kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, irọ́ sì nìyẹn. Fyodor Raskolnikov ni aṣojú Sófíẹ̀tì ní Bulgaria. Wọ́n pè é sílé ní 1938, kò lọ. Ó kọ lẹ́tà sí Stalin ní gbangba ní 1939, ó ka àwọn tí Stalin ti pa sí i lọ́rùn, ó sì kú ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀nà wà, owó rẹ̀ ló wọ́n.

Àtakò tó tún lágbára ju ti ẹ̀rù lọ ni ti ètò ìlú. Bí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń yẹ iṣẹ́ ọba rẹ̀ wò kí ó tó jẹ́ ẹ, ta ni yóò gba ikọ̀ gbọ́ mọ́? Àwọn ìlàrí tó jẹ́ ikọ̀ Aláàfin, tí wọ́n fá apá kan orí wọn, ohun tó ń dá ààbò bò wọ́n lọ́nà ni pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọba ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni èyí, mo sì gbà pé ikọ̀ kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ dà fún ẹni tí a rán an sí. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí jíjẹ́ ẹ ní èké. Ìtàn wa náà sì fi hàn pé ìwà ikọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ni Aláàfin Adéyẹmí fi lẹ́tà rán sí gómìnà Èkó ní 1881 nítorí Ogun Kírìjí. Ní 1886, gómìnà Èkó fúnra rẹ̀ tún rán òun àti Charles Phillips lọ sí àgọ́ àwọn jagunjagun pẹ̀lú ìwé àlàáfíà. Aláṣẹ méjì kò lè rán ẹnì kan bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ tí àwọn méjèèjì lè gbára lé.

Àwọn tó mọ Bíbélì á rán mi létí pé Jóábù ló gba lẹ́tà Dáfídì, tó sì fi Ùráyà sí ibi tí ogun ti le, síbẹ̀ Dáfídì ni wòlíì Nátánì lọ bá. Wọ́n á ní èyí fi hàn pé ẹni tó rán ni ló ni ẹ̀bi. N kò gbà. Ẹ̀bi kì í ṣe iṣu tí a máa pín kí ti ẹnì kan tó kéré nítorí pé ẹlòmíràn mú tirẹ̀. Ó lè pé pérépéré lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ ka ìwé Sámúẹ́lì kìíní, orí kejìlélógún. Sọ́ọ̀lù pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn àlùfáà Nóbù, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọn kò na ọwọ́ wọn. Dóégì ará Édómù ló ṣe é, ó pa ènìyàn 85 lọ́jọ́ náà. Àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́, lẹ́nu ọba kan náà. Ìwé Mímọ́ kò gbàgbé àwọn tó kọ̀, kò sì fi orúkọ Dóégì pamọ́ sábẹ́ orúkọ Sọ́ọ̀lù. Oníwàásù tó bá ń pe ìjọ rẹ̀ ní ikọ̀ yẹ kí ó wàásù lórí orí yẹn pẹ̀lú, torí nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ tó jókòó níwájú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń gba àṣẹ lójoojúmọ́.

Ìgbọràn kò gba Maisky. Ní 19 February 1953 ni wọ́n mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé amí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n sì kó ìwé ìrántí rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Stalin kú. Ó di 1955 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn ìgbà náà, ó ṣì ń di ẹ̀bi àdéhùn tí Stalin bá Hitler ṣe ru àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní February 1966, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 82, àwọn ènìyàn 25 tó lórúkọ ní ilẹ̀ náà, títí kan àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Sakharov àti Kapitsa, kọ lẹ́tà sí Brezhnev tó ń darí ìlú nígbà náà pé kí ìjọba má ṣe dá orúkọ rere padà fún Stalin. Ivan Maisky wà lára àwọn tó bu ọwọ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ yẹn, nínú gbogbo ìwé tó sì ti bu ọwọ́ lù láyé rẹ̀, èyí ni mo kà sí tirẹ̀ jù lọ.