Ìgbà Wo Ni Ọdẹ Di Onígbèsè?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London fẹ́ wá ṣọdẹ. Ó fẹ́ ẹran ńlá, ó fẹ́ ẹyẹ, ó sì fẹ́ ìrìn àjò tí yóò máa ròyìn fún ọmọ àti ọmọọmọ. Èmi ló fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, torí ó mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà ní Lagos Town nílùú Accra, èyí tí wọ́n ti sọ di New Town tipẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnu àwa àgbà kò tíì gbà.

Èyí tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ fèsì sí. Ní Ghana, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, òfin ti igbó pa. Ọ̀yà nìkan, tí àwọn ará ibí ń pè ní akrantie, la lè pa lásìkò náà, ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó pa á. Erin, kìnnìún àti ẹkùn, láti 1971 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá jẹ́ ẹfọ̀n ló ń wá, àríwá Benin ni, lágbègbè Pendjari, níbi tí wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọdẹ olówó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu àwọn sójà ní Porga ní oṣù Kejìlá 2021, ta ni yóò ní kí ọmọ òun forí lé ibẹ̀?

Iye owó kọ́ ló dá mi dúró lórí ìwé náà. Ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ ni: ẹran tí ọta rẹ bá bà, tí o kò sì rí mọ́, o ti ra á, gbogbo owó rẹ̀ ni wàá san. Mo wádìí, mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣọdẹ olówó ní Áfíríkà.

Mo ti múra àtibínú sí ìwé yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ìkà ni ẹni tí ebi kò pa tó lọ pa ẹran. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ẹran tí wọ́n yìnbọn fún kì í béèrè bóyá ẹni tó yìn ín ti jẹun. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí ọdẹ di onígbèsè: ṣé ìgbà tó jẹ ẹran náà ni, àbí ìgbà tí ẹran náà kú, àbí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kán sílẹ̀?

Ọmọ Ṣakí ni bàbá mi. Igbó ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọdẹ kí wọ́n tó wá sí Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kì í gbé ibọn láìjúbà Ògún, wọn kò sì jẹ́ kí pásítọ̀ bá wọn sọ ọ́. Tí wọ́n bá yìnbọn tí ẹran kò ṣubú, ilé di èèwọ̀ nìyẹn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa wo ewé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń hó, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bà, ẹran náà kò ní jìnnà. Tó bá dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Tí koríko lílọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ìfun ni, ìyẹn lè rìn di ọ̀la, àwọn náà á sì rìn di ọ̀la. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ náà. Mo rò pé ti Ògún ni, àfi ìgbà tí mo ka Léfítíkù orí 17, tí mo rí i pé ẹni tó bá pa ẹran tàbí ẹyẹ gbọ́dọ̀ da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fi erùpẹ̀ bò ó. Mo bi wọ́n pé ta gan-an ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n ní, “Ẹni tó ni ín.” Nígbà tí àṣẹ ìjọba Ghana ti oṣù Kọkànlá 1969 dé pé kí àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, wọ́n ta ibọn náà, torí ta ló fẹ́ gbé ibọn kọjá ẹnubodè Togo, Dahomey àti Nàìjíríà?

Mo máa ń pàdé gbèsè yìí lórí pátákó mi. Màá jó irun ọ̀yà tán, màá là á, ọ̀bẹ á kan ohun líle kan nínú itan. Ọta àtijọ́ ni, ẹran ti hù yí i ká, ó funfun bí èékánná. Kì í ṣe ọta ẹni tó pa á lánàá. Ẹlòmíràn ti yìn ín rí, ojú ọgbẹ́ ti jiná, onítọ̀hún sì ti lọ sùn. Màá yọ ọ́ sínú agolo, màá gé ẹran fún oníbàárà.

Ìdí nìyí tí ìlà kékeré yẹn fi yà mí lẹ́nu. Àwọn tí kò mọ Ògún, tí wọn kò sì ka Léfítíkù, owó ló mú wọn dé ibi tí bàbá mi dúró: ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán ni gbèsè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òótọ́ ni pé wọn kì í fi ẹfọ̀n tó fara gbọta sílẹ̀, torí ó máa ń lúgọ de ènìyàn. Àmọ́ amọ̀nà tí wọ́n háyà ló ń ṣíwájú wọ inú koríko, àlejò wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì.

Ní Winneba, tí kò jìnnà sí Accra, ara ni wọ́n fi ń san án. Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, níbi ọdún Aboakyer, ẹgbẹ́ Tuafo àti Dentsefo á wọ igbó láti mú àgbọ̀nrín láàyè, ọwọ́ lásán. Ìtàn wọn sọ pé ènìyàn ni òrìṣà Penkye Otu kọ́kọ́ ń gbà, kó tó di ẹkùn, kó tó wá di àgbọ̀nrín. Ẹni tó mú un kò ní gbé e lọ sílé ara rẹ̀.

Ó wá ku ẹyẹ. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń díye lé nínú ìwé náà. O lè yìn ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ìlà kankan fún èyí tí ọta bà tó sì fò lọ. Ọta wẹ́wẹ́ ni, ó ń fọ́n ká: àparò kan já bọ́, èkejì gbé tirẹ̀ fò kọjá odò. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lórí ewé tí bàbá mi ì bá tọ̀. Èrò gbogbo ayé ni pé ẹfọ̀n ni ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tí ẹyẹ jẹ́ eré. Èmi rò pé òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹyẹ òkun kan sì wà, roseate tern, tó máa ń pamọ ní Britain àti Ireland, tó sì ń wá sí etíkun Ghana. Àwọn ọmọdékùnrin etíkun máa ń dẹ okùn fún un. Ní 1985, àwọn olùdáàbòbò ẹyẹ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Ghana jọ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti bẹ àwọn ọmọ náà kí wọ́n jáwọ́. Ọmọ tiwa ló wá ń ti London bọ̀ láti wá yìnbọn fún ẹyẹ.

Mo kọ̀wé sí i pé kó wá ní oṣù Karùn-ún, kí n mú un lọ wo Winneba. Mo ní ti ẹfọ̀n, a ṣì lè jọ jiyàn lórí rẹ̀, tó bá lè ṣèlérí pé òun fúnra òun ni yóò ṣíwájú amọ̀nà tọ ẹ̀jẹ̀. Ti àparò, rárá.

Ó ní, “Ẹ̀yin Àǹtí, mo rò pé ẹyẹ nìkan ni ẹ máa gbà mí láyè láti pa.”