Etí Tí A Pe Ìrun Sí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dárúkọ gbígbọ́ ṣáájú ìríran nínú Sūratu Nahl, nígbà tí Ó ń ka oore Rẹ̀ lórí ọmọ tuntun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW).

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, Abū Rāfi' gbà á wá pé Ànábì pe ìrun sí etí Hasan, ọmọ Fātimọ, nígbà tí wọ́n bí i. Àwa náà ń ṣe é ní Ìdànrè títí di òní. Lẹ́yìn tí a bá pè é tán, ta ni nínú wa tí ó ń béèrè bóyá etí náà gbọ́?

Ní ilé-kéú wa, a gba ọmọ ọdún 6 kan. A pè é, kò jẹ́. A kọ́ ọ ní alifu, kò wí tẹ̀lé wa. A pè é ní olóríkunkun, a sì nà án. Ìyá àgbà kan ló lu páànù lẹ́yìn rẹ̀ tí ọmọ náà kò yíjú padà. A tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun àti lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò gbọ́ ohùn wa?

Bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Bí ọmọ bá ń sùn, wọn yóò ki ẹ̀rọ kékeré kan sí i létí. Ẹ̀rọ náà yóò fọhùn, etí tí ó bá dá yóò sì dá gbohùngbohùn padà, bí Òkè Ìdànrè ti í dá ohùn wa padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì dun ọmọ. Bí etí kò bá dáhùn, àyẹ̀wò míràn ló kàn, kì í ṣe ẹkún. Àwọn onímọ̀ ní kí a yẹ ọmọ wò kí ó tó pé oṣù 1, kí a mọ òótọ́ kí ó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6. Àti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ má wí pé ti òyìnbó ni. Láti 2005 ni Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní Èkó, níbi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG fún ọmọ wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn wa ni ó ní ẹ̀rọ náà. Nítorí náà, ẹ béèrè ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó. Ibà pọ́njú tí ó bá le lára ọmọ tuntun a máa ba etí jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má fi kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ, ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ọmọ kò bá sì gbọ́, kò kúrò nínú ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ fiqh gba àmì ọwọ́ ẹni tí kò lè fọhùn. Àmánà ni òun náà; a óò jíhìn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí á tún na ọmọ nítorí ohun tí kò gbọ́. Àmín.