Ẹni Tí Ó Dá Ọkọ̀ Wà Lójú Omi Ìlàjẹ

Bí ọgbẹ́ bá san tán, àpá rẹ̀ kì í parẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ dá nìkan gbé àjẹ̀ ní èbúté Igbókọ̀dá nílẹ̀ Ìlàjẹ, kí ó wa ọkọ̀ gba àárín igi ẹ̀gbà lọ sí ìhà Àrògbò, ó yẹ kí ó mọ ibi tí àpá wà lára omi náà ṣáájú ibi tí ẹrẹ̀ ti lè dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró.

Ti ẹrẹ̀ kò ṣòro. Ọmọdé ibẹ̀ lè sọ fún un pé kí ó dúró kí omi kún, kí ó fi ibi tí ó ń lọ tó àwọn ọlọ́kọ̀ létí, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá a lójú omi, bí ó ti wù kí ó mọ̀wẹ̀ tó.

Ti àpá ló gba àgbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Àrògbò, ó sì wọ ọdún 1999. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n dáná sun abúlé, àwọn tí ó ti jọ ń ná ọjà, tí wọ́n ti fẹ́ ọmọ ara wọn, wá ń sá fún ara wọn. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ọ̀rọ̀ náà sì tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn àgbà ń pìtàn pé láyé àtijọ́, ọkùnrin Ìlàjẹ kan gba ìyàwó olóyè, ó sá tọ àwọn Ìjọ̀ lọ, wọn kò sì fà á sílẹ̀. Nígbà tí ìjà rẹ tọ̀tún tòsì, ẹrúbìnrin kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni wọ́n pa láti fi dá májẹ̀mú, òun náà ni wọ́n ń bọ títí di òní ní Ayélála, ẹlẹ́rìí tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, adájọ́ tí ń mú olè, tí ń mú ọ̀dàlẹ̀. N kì í gbọ́ ìtàn yìí kí n má ronú pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jù lọ ni wọ́n gbé ìdájọ́ lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí a ti ń wọ ilé ọ̀fọ̀ ni kí adáwakọ̀ wọ omi yìí. Bí ó bá rí òpó ilé tí kò ní òrùlé mọ́, kí ó má so okùn ọkọ̀ mọ́ ọn, bí ó ti wù kí apá ro ó tó. Òpó tí iná ti bà lára ṣì ní ẹni tó ni ín. Kí ó má yọ fóònù sí i. Bí ó bá pàdé apẹja, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá” ti tó. Kí ó má ṣe bi í pé ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ fa ìjà náà. Ìbéèrè yìí ni mo kórìíra jù, nítorí ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó mọ gbogbo èyí kò gbọdọ̀ dá lọ rárá. N kò bá wọn lọ. Omi tí ènìyàn rere bá sá fún ni ọ̀bàyéjẹ́ ń wá. Bí òjò bá ká adáwakọ̀ mọ́ ibi tí èbúté Àrògbò ti sún mọ́ ọn ju ti Ìlàjẹ lọ, kí ó ya síbẹ̀, kí ó kí onílé kí onílé tó kí i (ọ̀pọ̀ ará Àrògbò gbọ́ èdè Ìlàjẹ ju àlejò tó ti Àkúrẹ́ wá lọ), bí wọ́n bá sì gbé ẹja àti púpurú síwájú rẹ̀, kí ó wẹwọ́, kí ó jẹun.