Ìrìn Ọjọ́ Kan

Fún Ọjọ́ Ìsinmi Ìdílé Mímọ́ (Lúùkù 2:41–52)



Àwọn ọkọ̀ Àbíjàn ti wọlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ojú pópó Èjìgbò kọjá ní ọ̀sẹ̀ yìí yóò ti rí wọn pẹ̀lú ẹrù gègèrè ní orí, yóò sì ti gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ wa bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń sọ ọ́ ní ìlú yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú wọn la ilẹ̀ Gánà, ilẹ̀ Tógò àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé láìsí ewu. A kí gbogbo wọn káàbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kìíní bá dé, àwọn ọkọ̀ kan náà ni yóò tún kó ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ni yóò wọ ọkọ̀, aya ni yóò sì dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà tí yóò máa juwọ́ sí i. Nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìhìn Rere òní sọ fún wa nípa tọkọtaya kan tí wọ́n lọ sí àjò. Lọ́dọọdún ni Jósẹ́fù Mímọ́ àti Màríà Wúndíá máa ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá. Nígbà tí Jésù di ọmọ ọdún 12, wọ́n mú un lọ pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àjọ parí, wọ́n mú ọ̀nà ilé pọ̀n, wọ́n sì rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó mọ̀ pé Ọmọ náà kò sí láàárín wọn. Ọjọ́ kan gbáko! Báwo ni ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ tó bẹ́ẹ̀, àti alágbàtọ́ tí ó jẹ́ olóòótọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣe lè rìn láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ láìmọ̀?

Lúùkù Mímọ́ sọ fún wa pé wọ́n rò pé ó wà láàárín ẹgbẹ́ èrò. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ nínú Ìjọ sì ṣàlàyé pé àwọn ọkùnrin a máa rìn lọ́tọ̀, àwọn obìnrin a sì máa rìn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé lè bá èyí tí ó wù ú rìn nínú méjèèjì. Jósẹ́fù rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màríà rò pé ó wà lọ́dọ̀ Jósẹ́fù. Kò sí ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ nínú wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé olúkúlùkù gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkejì, kò sì sí ẹni tí ó béèrè.

Ẹ̀yin ará, tọkọtaya kan wà nínú ìjọ wa yìí tí wọ́n gbà mí láyè láti sọ ìtàn wọn fún yín, níwọ̀n bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Nínú yàrá àlejò mi ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ní ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó di ọdún 33 tí wọ́n ti gba Sàkírámẹ́ńtì Ìgbéyàwó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí baálé fi lọ sí Àbíjàn, níbi tí ó ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Adjamé. Ìyàwó dúró nílé, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ń bójú tó àwọn òbí ọkọ. Baálé náà kò fi ebi pa ìdílé rẹ̀. Ó kọ́lé, ó sì rán àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá nìkan ni wọ́n ń rí i.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin wọn tí ó wà ní Àbíjàn bímọ, ìyá àgbà sì lọ bá a wẹ ọmọ. Lẹ́yìn ìkómọ, ọmọbìnrin náà wí fún wọn pé, “Bàbá mi, ìyá mi, n kò rí i rí kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sí ibì kan, àfi ibi ìsìnkú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ lọ wo Yamoussoukro.”

Láti Àbíjàn dé Yamoussoukro lé ní 200 kìlómítà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá tí wọ́n ṣí dé ibẹ̀ ní 2013 mú kí ènìyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ lóòjọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Bàbá náà sọ fún mi pé ọkọ̀ dé ìdajì ọ̀nà kí òun tó rí ohun kan bá ìyàwó òun sọ. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ òrùlé tí ń jò, ọ̀rọ̀ oògùn ìyá rẹ̀, wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán lórí fóònù. Nígbà tí ìwọ̀nyí tán, ẹnu wọn wọlẹ̀. Olúkúlùkù yíjú sí fèrèsé tirẹ̀, ó ń wo igbó àti oko.

Yamoussoukro ni ìlú Félix Houphouët-Boigny, Ààrẹ àkọ́kọ́ fún Côte d’Ivoire, ẹni tí ó sọ abúlé rẹ̀ di olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà ní 1983. Ẹ̀bá adágún omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ààrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, níbi tí àwọn ọ̀nì ńlá ńlá ti ń yá oòrùn. Ìyá wò wọ́n, ó ní àwọn ọ̀nì yìí yó ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní òun ti gbàgbé bí ẹ̀rín obìnrin náà ti rí.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Basílíkà Màríà Ìyá Àlàáfíà. Ní 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1990, ni Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì yà á sí mímọ́. Òrùlé rìbìtì rẹ̀ farajọ ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, gíga rẹ̀ dé orí àgbélébùú sì jẹ́ 158 mítà. Nínú rẹ̀, 7,000 ènìyàn lè jókòó, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ara gíláàsì aláràbarà wọlé ní gbogbo àyíká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń mú àlejò yí ilé náà ká bi bàbá léèrè lédè Faransé pé ọdún mélòó ni ó ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bàbá dá a lóhùn pé ọdún 33. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ̀, ó sì kí wọn. Ìyá kò gbọ́ Faransé, ó béèrè ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó wí jẹ́jẹ́, láìbínú, pé, “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ sọ fún un pé nínú ọdún 33 náà, bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a kò tíì jọ gbé ilé kan tó ọdún mẹ́rin.”

Bàbá náà mọ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dúró, omi sì lé ròrò sí i lójú. Wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú Àgọ́ Mímọ́ níbi tí fìtílà pupa ti ń jó, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wọn padà ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá jẹ́wọ́ fún aya rẹ̀ pé ó ti di ọdún 11 tí òun ti lọ sí Mísà kẹ́yìn ní Àbíjàn. Òun rò pé bí ìyá àwọn ọmọ bá ti ń lọ ní Èjìgbò, ó tó fún gbogbo ilé. Ìyá náà jẹ́wọ́ pé bí owó bá ti ń dé, òun a rò pé ara ọkọ òun le. Òun kò béèrè nípa ọkàn rẹ̀ rí. Ní ti àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọkùnrin tí ó ti kọ ẹ̀yìn sí ilé Ọlọ́run, bàbá rò pé ìyá ń bá a wí. Ìyá sì rò pé bàbá ń pè é lórí fóònù. Kò sí ẹni tí ó pè é nínú wọn.

Ẹ̀yin ará mi, ìrìn ọjọ́ kan ni ti Jósẹ́fù àti Màríà. Ọdún mélòó ni tiwa?

Ẹ má ṣe rò pé Ìjọ Mímọ́ ń dá àwọn tí ó lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lẹ́bi. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1952 nípa àwọn tí ń gbé ilẹ̀ òkèèrè, Póòpù Píọ́ọ̀sì Kejìlá fi Ìdílé Mímọ́ tí ó sá lọ sí Íjíbítì ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: Jósẹ́fù mú Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ. Òun nìkan kọ́ ni ó lọ. Bí ipá kò bá sì ká a pé kí a jọ lọ, ó kéré tán, kí ọkàn jọ lọ. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n kí ni onílé yóò bá nílé, bí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ bá ti di àlejò sí i?

Mo ń rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń kọ́ sí àdúgbò wa, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n oṣù 11 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wà ní títì. Nígbà tí Póòpù lọ ya Basílíkà yẹn sí mímọ́, ó bù kún òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn kan nítòsí rẹ̀, nítorí kò yẹ kí ilé ẹlẹ́wà dúró láìsí ìfẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún kí ilé ìwòsàn náà tó ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí a fi òkúta kọ́ a máa tètè parí. Èyí tí a fi ìfẹ́ kọ́ ni ó máa ń pẹ́.

Kí ni Jósẹ́fù àti Màríà ṣe nígbà tí wọ́n mọ̀? Kò sí ẹni tí ó ná ìka sí ẹnìkejì. Wọ́n jọ padà, wọ́n jọ wá a, ní ọjọ́ kẹta wọ́n sì rí i nínú Tẹ́ḿpìlì. Nígbà tí Màríà sì sọ̀rọ̀, bàbá Ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó dárúkọ ara rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó ṣí ní oṣù kìíní, mo bẹ olúkúlùkù tọkọtaya: ẹ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: Ọmọ náà dà? Ta ni ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa? Ìwọ tí ò ń lọ, wá gba ìwé lọ́wọ́ mi tí ìwọ yóò fi hàn fún àlùfáà tí ó wà níbẹ̀, kí o má baà di ẹni tí a kò mọ̀. Ìwọ tí o ti ní obìnrin mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè, má ṣe sá fún mi. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ ní òru pàápàá. Ìwọ tí o dúró nílé, má ṣe fi owó tí ń dé díwọ̀n ìfẹ́.

Ní ti tọkọtaya tí mo sọ, ní alaalẹ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀wá kan nínú Rósárì lórí fóònù báyìí, àbígbẹ̀yìn wọn sì ń dáhùn nígbà mìíràn. Bàbá ti ń fi ìsọ̀ rẹ̀ lé àkọ́bí lọ́wọ́, kí ó lè wá bá ìyàwó rẹ̀ gbé. Kò rọrùn fún wọn. Ìrìn ọdún 33 kò ṣe é rìn padà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ojú sí Jerúsálẹ́mù.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà kejì, a ó súre fún gbogbo àwọn tí ń lọ sí àjò. Kí tọkọtaya jọ wá, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Kí Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù bá gbogbo ilé wa gbé, ní ilé àti ní àjò. Àmín.

Èmi ni Fáda yín nínú Krístì.